Bí ibùdó sátẹ́láìtì yín ṣe lè máa dá ṣiṣẹ́ lóru

Sátẹ́láìtì kékeré tó ń yí ayé po ní nǹkan bí 500 kìlómítà sókè máa ń parí ìyípo kan láàárín ìṣẹ́jú 95. Nínú ìyípo 15 tó ń ṣe lójúmọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ń gba ibi tí áńtẹ́nà wa ní Àkúrẹ́ ti lè rí i, èyí tó pẹ́ jù nínú wọn kì í sì í ju ìṣẹ́jú 12 lọ. Ọ̀kan lè bọ́ sí aago mẹ́wàá àárọ̀, òmíràn sí aago méjì òru. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá ní kó máa jí láago méjì òru wá yí áńtẹ́nà á fi tayọ̀tayọ̀ ṣe é lọ́sẹ̀ kìíní. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, oorun á gbé e lọ, ìròyìn tí sátẹ́láìtì mú wá á sì kọjá láìrí ẹni gbà á. Èmi ni mò ń bójú tó irú áńtẹ́nà bẹ́ẹ̀ lórí òrùlé wa, mo sì mọ̀ dájú pé kò yẹ kí àwọn ọmọ wa máa fi oorun wọn ṣòfò sórí iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà kékeré lè ṣe jù wọ́n lọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dá irú ibùdó yìí sílẹ̀ ní Ifẹ̀, ní Ìlọrin, ní Èkó tàbí ní Àjàṣẹ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ètò kan ni mo ń tẹ̀ lé: ìpalára tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ṣe ni mo fi ń tò wọ́n. Gbígbọ́ kò lè pa sátẹ́láìtì lára, nítorí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Yíyí áńtẹ́nà lè ba irin orí òrùlé jẹ́, àmọ́ kò lè dé ojú ọ̀run, òun ló kàn. Ṣíṣọ́ ìlera sátẹ́láìtì ló tẹ̀ lé e. Fífi àṣẹ ránṣẹ́ ló máa kẹ́yìn, apá kan nínú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ènìyàn rárá. Mo rí àwọn tó ti òdìkejì bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n kọ script, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà kékeré, tó ń fi àṣẹ ránṣẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ bóyá etí wọn ń gbọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Aago àti dátà ipa ọ̀nà

Ẹ má tíì fọwọ́ kan áńtẹ́nà títí aago kọ̀ǹpútà yín á fi péye. Sátẹ́láìtì yìí ń sáré ju kìlómítà méje lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí aago yín bá fi ìṣẹ́jú kan pẹ́, ibi tó ti kúrò tipẹ́ ni áńtẹ́nà á máa wò. Ẹ fi chrony sórí kọ̀ǹpútà náà kó máa bá aago orí íntánẹ́ẹ̀tì dọ́gba, kí ẹ sì jẹ́ kí ohun gbogbo, láti orúkọ fáìlì dé ìwé àkọsílẹ̀, wà ní UTC, aago àgbáyé. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú UTC, wákàtí kan yẹn sì ti tó láti mú kí ènìyàn méjì máa jiyàn lórí ìkọjá kan náà, ìyẹn ìgbà tí sátẹ́láìtì ń gba òkè wa kọjá. Níbi tiwa tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, nǹkan mìíràn tún wà: Raspberry Pi 4, kọ̀ǹpútà kékeré tí à ń lò, kò ní bátìrì aago nínú. Bí iná bá dé tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sì tíì dé, aago tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó kú ló máa gbà gbọ́. Ẹ ra aago kékeré tí wọ́n ń pè ní DS3231, kò wọ́n, ẹ so ó mọ́ ọn.

Ẹ lè gba dátà ipa ọ̀nà, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí TLE, lọ́fẹ̀ẹ́ lórí CelesTrak tàbí Space-Track. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ti tó. Bí script yín bá ń kan ilẹ̀kùn wọn ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, wọ́n á tì yín mọ́ta. Kí script náà kọ ọjọ́ orí dátà sílẹ̀ fún ìkọjá kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, kó ta yín lólobó. Nọ́ńbà sátẹ́láìtì inú TLE kò lè ju díjíìtì márùn-ún lọ, àwọn nọ́ńbà náà sì ti ń tán lọ, torí náà kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lónìí kúkú fi OMM, ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń gbà kọ dátà kan náà, bẹ̀rẹ̀. Skyfield, tó ń ṣiṣẹ́ lórí Python, mọ méjèèjì kà. Ẹ lo find_events nínú rẹ̀, kí ẹ fi altitude_degrees, ìwọ̀n gíga láti etí ojú ọ̀run, sí 10 dígírì: á sọ ìgbà tí sátẹ́láìtì yọ, ìgbà tó dé góńgó àti ìgbà tó wọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ gun òrùlé, ẹ wo yíká. Òkúta ńlá àti ilé alájà máa ń bo ojú ọ̀run ní apá kan ju apá kejì lọ, 10 dígírì tó dára ní ìlà oòrùn lè máà dára ní àríwá.

Dátà yìí kì í tètè dájú nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sátẹ́láìtì sílẹ̀. Ẹ wo NigeriaEduSat-1, tí yunifásítì FUTA níbí ní Àkúrẹ́ àti Kyushu Institute of Technology ní Jàpáánù jọ ṣe. Ó gbéra lọ sí ibùdó òfuurufú àgbáyé ní oṣù kẹfà ọdún 2017, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní oṣù keje pẹ̀lú mẹ́rin mìíràn, ti Jàpáánù, Gánà, Mòǹgólíà àti Bàǹgíládẹ́ẹ̀ṣì. Bákan náà ni wọ́n ṣe márààrún, fíríkúẹ́ńsì kan náà ni wọ́n sì ń lò. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ irú nǹkan báyìí, TLE kò lè sọ ta ni ta ni. Orúkọ tí sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀ ń pè nínú ohùn rẹ̀ ni kí kọ̀ǹpútà fi dá a mọ̀, kó tó kọ dátà náà sábẹ́ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Gbígbọ́

Èyí kò ṣòro. RTL-SDR kan, ìyẹn rédíò kékeré tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, áńtẹ́nà kan àti Raspberry Pi ti tó. Ohun tí mo máa tẹnu mọ́ ni pé kí ẹ gba ohùn náà sílẹ̀ ní tútù, ìyẹn IQ, kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀. Ní 437 MHz, eré tí sátẹ́láìtì ń sá máa ń gbé fíríkúẹ́ńsì sókè tó 10 kHz bó ti ń bọ̀, á sì fà á wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ bó ti ń lọ. Bí àtúnṣe ìyípadà yìí, tí wọ́n ń pè ní Doppler, bá ṣì lóru tí IQ sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè tún un ṣe láàárọ̀. Bó bá jẹ́ ohun tí ẹ̀rọ túmọ̀ nìkan lẹ fi pamọ́, èyí tó sọnù ti lọ nìyẹn. Ìkọjá oníṣẹ́jú mẹ́wàá, ní 48,000 sáńpù ní ìṣẹ́jú àáyá kan àti báìtì mẹ́rin fún sáńpù kọ̀ọ̀kan, jẹ́ nǹkan bíi MB 115. Díìsìkì tí owó rẹ̀ kò pọ̀ á gbà á fún oṣù púpọ̀. Sọ́fútíwià gr-satellites ló máa túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ sátẹ́láìtì tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ṣe.

Ẹni tí kò fẹ́ kọ script kankan lè darapọ̀ mọ́ SatNOGS, iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Gíríìsì lọ́dún 2014. Ẹ ó gbé ibùdó yín sórí rẹ̀, á máa pín ìkọjá fún un, ohun tó bá gbọ́ á sì hàn sí gbogbo ayé. Inú mi máa ń dùn sí i, nítorí ọmọ tó wà ní Oǹdó lè gbọ́ sátẹ́láìtì rẹ̀ láti etí áńtẹ́nà ẹlòmíràn ní Jámánì, kó sì san án padà lọ́jọ́ kejì.

Yíyí áńtẹ́nà

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ níbí. Àwọn tó ń kọ nípa iṣẹ́ yìí máa ń sáré fò ó, bẹ́ẹ̀ ibí ni irin, wáyà, òjò àti iná ti ń pàdé.

Rotator, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí áńtẹ́nà, tí ẹ ó rí jù lọ́dọ̀ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ni Yaesu G-5500. Ó lè yí 450 dígírì yíká, ó sì lè gbé áńtẹ́nà láti ilẹ̀ kan dé ilẹ̀ kejì, ìyẹn 180 dígírì. Tí ẹ bá ti fi ìbáṣepọ̀ GS-232B so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ìlà kan ṣoṣo yìí ti tó láti mú kí Hamlib, sọ́fútíwià tó ń darí rotator, gbà á mọ́ra:

rotctld -m 603 -r /dev/ttyUSB0 -s 9600

Láti ìgbà yẹn, Gpredict, sọ́fútíwià tó ń tọpa sátẹ́láìtì, tàbí script yín á máa bá a sọ̀rọ̀ ní port 4533. Ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí script wo ìkọjá náà látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó gbé áńtẹ́nà ńlẹ̀. Ohun méjì ló ń wá. Àkọ́kọ́, ṣé sátẹ́láìtì máa gba ibi tí rotator ti ń parí ìyípo rẹ̀ kọjá? Bó bá máa gbà á, kó lo àyè tó wà láàárín 360 sí 450, kó má bàa di pé láàárín ìkọjá, áńtẹ́nà ní láti yí gbogbo ayé padà sẹ́yìn tí sátẹ́láìtì sì ń lọ. Èkejì, ṣé ó máa gba àárín orí wa? Sátẹ́láìtì tó dé góńgó ní 88 dígírì á kúrò ní apá kan bọ́ sí òdìkejì láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, bẹ́ẹ̀ rotator yìí ń lò tó ìṣẹ́jú kan láti yí 360. Kò lè bá a. Fún irú ìkọjá bẹ́ẹ̀, kí áńtẹ́nà má lépa rẹ̀ yíká. Kó dojú kọ apá ibi tó ti yọ, kó máa gòkè kọjá 90 lọ títí dé 180.

Kí áńtẹ́nà ti wà ní ibi tí sátẹ́láìtì máa yọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣáájú. Bí ìkọjá bá parí, kó padà sí ibi ìsinmi kan náà nígbà gbogbo. Láàárín méjèèjì, ẹ má gba ohun tí ẹ pàṣẹ fún rotator gbọ́, ohun tó dáhùn ni kí ẹ gbà gbọ́. Bí script bá ní kó lọ sí 120, tí nọ́ńbà tó ń dá padà kò sì yí fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kó pàṣẹ ìdúró, kó sì pè yín. Mọ́tò tó há tí iná ṣì ń wọ inú rẹ̀ á jóná.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, inverter ló ń gbé kọ̀ǹpútà, àmọ́ iná ìta ni rotator ń lò. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín ìkọjá, áńtẹ́nà á dúró gbọin, kọ̀ǹpútà á sì máa ka nọ́ńbà lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Torí náà ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ bóyá iná ìta wà tàbí kò sí. Bí iná bá padà, kó kọ́kọ́ bi rotator níbi tó wà kó tó ní kó rìn.

Àrá ló kù. Láti oṣù kẹta, òjò àkọ́rọ̀ máa ń bá àrá líle wá ní agbègbè wa. Ẹ fi relay, swíìṣì tí kọ̀ǹpútà lè tan tàbí pa, sẹ́nu ọ̀nà coax, ìyẹn wáyà áńtẹ́nà, kó máa já áńtẹ́nà kúrò lára rédíò nígbà tí kò bá sí ìkọjá, kí ẹ sì so irin mọ́lẹ̀ dáadáa. Wọ́n lè sọ fún yín pé ìkọjá tó dára ni ẹ máa pàdánù nígbà òjò. Ẹ jẹ́ kó lọ, òmíràn ń bọ̀.

Ẹ tún fi swíìṣì ńlá kan sí ìsàlẹ̀, níbi tí ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà ti lè pa rotator. Mo fi tiwa han bàbá tó ń ṣọ́ ilé lóru. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, bí ẹ bá rí i tí irin yìí ń yí tí kò dúró, tàbí tí ẹ gbọ́ tó ń dún, ẹ pa eléyìí kí ẹ tó pè mí.” Wọ́n ní, “Ṣé kò ní bà á jẹ́, Ìyá?” Mo ní kò ní bà á jẹ́. Òótọ́ sì ni: a ti kọ script náà tó fi jẹ́ pé kò sí ìgbà tí pípa iná rotator lè fa ohun tó burú ju ìkọjá kan tó sọnù lọ. Bí ẹ bá ti ń kọ tiyín, ẹ máa bi í ní ìbéèrè bàbá yẹn ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ṣíṣọ́ ìlera

Sátẹ́láìtì á máa sọ bí bátìrì rẹ̀ ṣe rí, bó ṣe gbóná sí, iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀. Fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ẹ fa ààlà méjì, ti ìkìlọ̀ àti ti ewu. Fún bátìrì lithium méjì tí wọ́n so tẹ̀léra, tó ń kún ní 8.4 fólùtì, a lè fi ìkìlọ̀ sí 7.2, kí ewu wà ní 6.8, àwọn tó ṣe sátẹ́láìtì yín ló máa sọ nọ́ńbà tó bá tiyín mu. Ẹ wo bó ṣe ń lọ pẹ̀lú. Bátìrì tó ń dín kù díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, bí kò tilẹ̀ tíì kan ààlà, yẹ ní fífojú sí ju èyí tó kàn án lẹ́ẹ̀kan lọ.

Kí ẹ má sì jẹ́ kí ìpè pọ̀. Foonu tó ń dún ní gbogbo òru, wọ́n á pa ohùn rẹ̀. Àwòṣe tó dára jù tí mo mọ̀ ni ti Deep Space 1, ọkọ̀ òfuurufú tí NASA rán lọ ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 1998. Wọ́n dán an wò pé dípò kó máa tú gbogbo ìròyìn rẹ̀ palẹ̀, kó máa fi ohùn kan nínú mẹ́rin ránṣẹ́: ara le, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí ẹ lè fẹ́ mọ̀, ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀ láìpẹ́, ẹ wá báyìí. Àwa náà pín ìpè wa sí mẹ́rin bẹ́ẹ̀. Èkíní ń lọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ lásán. Èkejì ń lọ sínú ìwé tí à ń kà láàárọ̀. Ẹ̀kẹta ń lọ sórí Telegram ẹgbẹ́. Ẹ̀kẹrin nìkan ló lè jí ènìyàn.

Ìpè kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí, òun ló sì ṣe pàtàkì jù ní ilẹ̀ wa: ìpè pé ibùdó fúnra rẹ̀ ti kú. Kọ̀ǹpútà tí kò níná kò lè sọ fún yín pé òun kò níná. Ẹ wá kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò sí nínú ilé yẹn, kódà kó jẹ́ èyí tí ẹ háyà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ibùdó máa kí i ní wákàtí wákàtí. Bí ìkíni kò bá dé fún wákàtí méjì, òun ni kó pè yín. Ìyàtọ̀ tún wà láàárín “ìkọjá wáyé, a kò gbọ́ nǹkan kan” àti “ìkọjá wáyé, a kò tilẹ̀ tẹ́tí sílẹ̀.” Ẹ má pa méjèèjì pọ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìròyìn nípa sátẹ́láìtì, ti èkejì jẹ́ ìròyìn nípa yín.

Àṣẹ

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí, “Mà, nígbà tí gbogbo èyí ti ń dá ṣe ara rẹ̀, kí ló dé tí a kò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa fi àṣẹ ránṣẹ́ náà?” Ìbéèrè gidi ni. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, ohùn tó bá sì ti kúrò lẹ́nu áńtẹ́nà kò ṣeé pè padà. Mo sọ ìtàn mẹ́ta fún un.

Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1988, àwọn ará Soviet fi àṣẹ kan ránṣẹ́ sí Phobos 1, ọkọ̀ òfuurufú wọn tó ń lọ sí Mars. Àmì ẹyọ kan ló sọnù nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó yẹ kó yẹ àṣẹ náà wò kó tó lọ kò ṣiṣẹ́ dáadáa lákòókò yẹn, wọ́n sì fi ránṣẹ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Àṣẹ náà pa ohun tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ náà kọjú sí oòrùn, bátìrì rẹ̀ tán, wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, Mars Climate Orbiter, ọkọ̀ òfuurufú NASA, ṣègbé nítorí pé sọ́fútíwià orí ilẹ̀ ń fi ìwọ̀n pọ́n-ùn ṣírò ohun tí sọ́fútíwià kejì ń kà ní niútọ́ọ̀nù. Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ náà. Iṣẹ́ orí ilẹ̀ ló gbé e wọ inú afẹ́fẹ́ Mars. Ní ọjọ́ 21 oṣù keje ọdún 2023, àṣẹ kan mú kí áńtẹ́nà Voyager 2, ọkọ̀ òfuurufú NASA mìíràn, yẹ̀ kúrò lójú Ayé ní dígírì méjì péré, níbi tó wà ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 19.9 kìlómítà sí wa. Wọ́n fi áńtẹ́nà ńlá tó wà ní Canberra pariwo sí i, ó sì dáhùn ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ. Bí kò bá tilẹ̀ gbọ́, ètò kan ti wà nínú rẹ̀ tó máa tún áńtẹ́nà náà kọ sí Ayé fúnra rẹ̀ ní oṣù kẹwàá.

Ohun tí à ń ṣe látinú ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyí. Àṣẹ kankan kì í jáde bí ẹ̀rọ ìyẹ̀wò kò bá ṣiṣẹ́. A kọ ọ́ sínú sọ́fútíwià tó fi jẹ́ pé rédíò kò ní tan láìsí èsì ìyẹ̀wò. Nọ́ńbà kankan kì í wọ fáìlì àṣẹ láìní ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A máa ń dán fáìlì náà wò lórí ẹ̀dà sátẹ́láìtì tó wà lórí tábìlì wa, kí ẹnì kan kọ ọ́, kí ẹlòmíràn fọwọ́ sí i. Nínú sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi aago kan sí: bí kò bá gbọ́ ohùn wa fún iye ọjọ́ kan, kó padà sí ipò àkọ́kọ́ tó ti lè gbọ́ wa. Ẹ bá àwọn tó ń kọ sọ́fútíwià inú rẹ̀ sọ ọ́ kó tó gbéra, nítorí lẹ́yìn ìgbà yẹn ó ti bọ́.

Èwo wá ni kọ̀ǹpútà lè fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀? Èyí tó jẹ́ pé bó lọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò ní yí nǹkan kan padà: “ka ìròyìn rẹ fún mi”, “tún fi èyí tí mi ò gbọ́ ránṣẹ́.” Kó tó fi ránṣẹ́, kó ti gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì nínú ìkọjá yẹn, kí bátìrì wà lókè ààlà ìkìlọ̀, kí ìkọjá ṣì ku ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Lẹ́yìn èyí, kó dúró de ìdáhùn. Bí ìdáhùn kò bá dé lẹ́ẹ̀mẹta, kó dákẹ́ títí di ìkọjá mìíràn. Àṣẹ tó ń yí sọ́fútíwià inú sátẹ́láìtì, tó ń tan tàbí tó ń pa ohun tó ń lo iná, tó ń yí ìdojúkọ rẹ̀, ọwọ́ ènìyàn tó ti sùn dáadáa ni kó ti jáde, lójú mọmọ. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa sùn lóru.

Ẹ gba ìwé àṣẹ fún gbígbé ohùn jáde lọ́dọ̀ ìjọba kí ẹ tó so ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde mọ́ ọn rárá. Gbígbọ́ nìkan ni ẹ lè ti kọ́kọ́ ṣe ná.

Lóṣooṣù, ẹ yan ìkọjá ọ̀sán kan, ẹ pa gbogbo script, kí àwọn ọmọ yín fi ọwọ́ ṣe é látìbẹ̀rẹ̀ dópin: kí wọ́n ka ìkọjá, kí wọ́n yí áńtẹ́nà, kí wọ́n tẹ̀lé Doppler, kí wọ́n ka bátìrì jáde sókè. Ẹ tẹ ìgbésẹ̀ rẹ̀ sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ swíìṣì rotator, kí nọ́ńbà foonu ẹni mẹ́ta àti ọjọ́ tí ẹ ṣe é kẹ́yìn wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é lóṣù yìí, kí ẹlòmíràn ṣe é lóṣù tó ń bọ̀.